Kọ́bọ́ọ̀dù àlòkù di tábìlì irinṣẹ́ onítáyà: ẹ kó ìmọ̀ yín wá

Aláyùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀rọ̀ tábìlì onítáyà tí a ń fi kọ́bọ́ọ̀dù onídúrọ́ọ̀ àlòkù ṣe fún irinṣẹ́ gáréèjì ló délẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé ó dára. Ẹ sọ ìwọ̀n, ẹ sọ ibi tó ti máa ń yẹ̀ àti ohun tó ń fà á. Mìlímítà ni ká fi máa wọ̀n, kó má bàa dàrú. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

Kọ́bọ́ọ̀dù inú yàrá, ojú kan ni wọ́n ṣe é láti dúró sí. Ẹrù inú rẹ̀ ń gba pákó ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sọ̀kalẹ̀ tààrà sílẹ̀. Tí táyà bá ti wọ abẹ́ rẹ̀, ojú ibi mẹ́rin péré ni gbogbo ìwúwo máa dà lé, ìgbàkígbà tí a bá sì tì í, àpótí náà á fẹ́ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nítorí náà, àpótí àti dúrọ́ọ̀ nìkan ni kí ẹ máa wá lára àlòkù. Agbára, àwa fúnra wa la máa fi sí i: nísàlẹ̀, lẹ́yìn, àti lórí.

Kí ẹ tó gbé e, ẹ di orí rẹ̀ mú kí ẹ mì ín sọ́tùn-ún sósì. Èyí tó ń mì kò tíì burú. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ ló ń fà á, a máa pààrọ̀ ìyẹn. Èyí tó burú ni chipboard, pákó tí wọ́n fi èérún igi tẹ̀ pọ̀, tí omi ti wọ̀. Etí rẹ̀ á wú, bí ẹ bá sì fi èékánná ha á, á máa rún bíi búrẹ́dì tó gbẹ. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ tún wo ihò wẹ́wẹ́ tí kò fẹ̀ ju 2 lọ: tí ìyẹ̀fun igi tuntun bá wà lábẹ́ wọn, kòkòrò ṣì wà nínú rẹ̀, kò sì yẹ kó wọlé bá igi tó mọ́.

Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé. Ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ ha á, ẹ má sì fi iná yọ ọ́. Sáńpépà olómi ni kí ẹ lò, kí ẹ bo imú, kí ẹ fi aṣọ tútù nu ìdọ̀tí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ́ òòfà gba gbogbo ibi tí ayùn máa kọjá. Ìṣó tó fara pamọ́ ló ń ká eyín ayùn.

Ìyá Òòlù

Òótọ́ ni, Aláyùn. Ìsàlẹ̀ ni tèmi, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ẹ tú ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà dànù. Igi 2×4, tí ìwọ̀n rẹ̀ gan-an máa ń jẹ́ 38 sí 89 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fá a, ni kí ẹ fi ṣe férémù: gígùn méjì, ìdábùú mẹ́ta. Kí igi náà dùbúlẹ̀, kó má dìde lórí etí rẹ̀, kí irin pẹlẹbẹ orí táyà lè jókòó sórí igi pátápátá. Tó bá jẹ́ irinṣẹ́ tó wúwo lórí ló máa gbé, ẹ jẹ́ kí férémù yọ 50 sí iwájú àti sí ẹ̀yìn ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Kí ẹ tó fún sikúrúù rẹ̀ dé ìdí, ẹ wọ̀n ọ́n láti igun dé igun, lẹ́ẹ̀mejì, kó dà bí X. Tí ìwọ̀n méjèèjì bá fi ju 2 lọ yàtọ̀ síra, férémù náà wọ́.

Ibi tí wọ́n ti máa ń kọsẹ̀ nìyí: bọ́ọ̀tì táyà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé, kí ẹ tó bo férémù. Tí ẹ bá ti lẹ plywood, pákó tí wọ́n fi awẹ́ igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ̀ pọ̀, mọ́ ọn tán, ọwọ́ kò lè dé orí bọ́ọ̀tì mọ́. Bọ́ọ̀tì olórí róbótó ni, 8 ní sísanra, 50 ní gígùn. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu dírílì 22 gbẹ́ ojú igi jìn ní 6, kí orí bọ́ọ̀tì lè rì síbẹ̀, kí ẹ wá fi ẹnu 9 lù ú já. Nísàlẹ̀, wọ́ṣà, lẹ́yìn náà nọ́ọ̀tì tó ní ike nínú, torí nọ́ọ̀tì lásán á máa tú bí tábìlì bá ṣe ń gbọ̀n. Tí ẹnu bọ́ọ̀tì bá yọ ju bó ṣe yẹ lọ lábẹ́ nọ́ọ̀tì, táyà á máa gbá a nígbà tó bá ń yí. Ẹ fi ayùn irin gé e.

Ìgbà yẹn ni plywood 18 máa wá bo férémù, pẹ̀lú gúlù funfun àti sikúrúù 40 ní gbogbo 150. Kọ́bọ́ọ̀dù á jókòó lé e lórí. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé gúlù níbí: kì í mú ojú chipboard tó ń dán. Bọ́ọ̀tì 6 mẹ́fà ni kí ẹ fi gún ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù àti plywood pọ̀, pẹ̀lú wọ́ṣà tó fẹ̀ dáadáa lápá inú.

Ọmọ-iṣẹ́

Ẹ ṣé gan-an, mà. Táyà ńkọ́? Ṣé kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa yí ọrùn, kí wọ́n lè kọjú síbi gbogbo, àbí méjì nìkan?

Onírin

Àbúrò, ìṣirò ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ro ìwúwo àpótí, irinṣẹ́ orí rẹ̀ àti ohun inú dúrọ́ọ̀ pọ̀. Ká ní àpótí jẹ́ 40 kìló, dírílì onídùúró 45, inú dúrọ́ọ̀ 65, ó di 150. Má fi mẹ́rin pín in. Ilẹ̀ gáréèjì kì í tẹ́jú tán, nítorí náà mẹ́ta ló sábà máa ń gbé ẹrù, ẹ̀kẹrin kàn ń tẹ̀ lé wọn ni. Ìyẹn jẹ́ 50 kìló fún táyà kan. Táyà tí wọ́n kọ 75 sí 100 kìló sí ni kí o wá, torí pé ìgbà tó bá já sí ojú ibi tó sán, ẹrù tó ń bà lé e ju ti ìgbà tó dúró jẹ́ẹ́ lọ.

Ó wá ku gíga táyà, ní mìlímítà. Táyà tó ga ní 50, ti ilẹ̀ tó ń dán ni. Lórí sìmẹ́ǹtì, sikúrúù kan ṣoṣo tó jábọ́ tó láti dá a dúró lójijì. Ẹsẹ̀ á dúró, orí á ṣì máa lọ. Bí tábìlì ṣe ń dojú dé nìyẹn. 100 ló dára, 75 ṣe é fara mọ́. Ní ti ara rẹ̀, polyurethane, ike tó dà bíi rọ́bà líle, ló bá sìmẹ́ǹtì mu. Rọ́bà rírọ̀ a máa tẹ́ lójú kan tí ẹrù bá pẹ́ lórí rẹ̀, ike líle a máa pariwo, a sì máa yọ̀.

Ní ti ìbéèrè rẹ, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo fara mọ́ kó máa yí, kó lè wọ àlàfo tóóró ní ìdàkejì. Ṣùgbọ́n méjì ó kéré tán gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tó ń di táyà àti ọrùn rẹ̀ pọ̀. Èyí tó ń di táyà nìkan, tábìlì á ṣì máa jó lórí ọrùn tí o bá ń lo irinṣẹ́.

Ìyá Òòlù

Mi ò bá ọ dé ibẹ̀ tán, Onírin. Tábìlì tí kò ní lọ ju ẹ̀gbẹ́ ògiri sí ẹnu ọ̀nà lọ, méjì tó dúró gbọn-in lẹ́yìn dára fún un. Ọrùn tí kò sí, kò lè mì. Kìkì pé táyà méjì náà gbọ́dọ̀ kọjú sí ọ̀nà kan náà gan-an. Ẹ fa ìlà kan gba abẹ́ férémù kí ẹ fi tọ́ wọn. Èyí tó bá wọ́ díẹ̀ á máa fa tábìlì sí ẹ̀gbẹ́, táyà á sì máa jẹ.

Onírin

Mo gbà, Ìyá.

Aláyùn

Gíga wá ńkọ́? Ẹ máa ka á sẹ́yìn láti òkè. Bí ẹ bá fẹ́ kí ojú tábìlì wà ní 900, táyà 100 pẹ̀lú irin rẹ̀ ń gba nǹkan bí 130, férémù àti plywood rẹ̀ 56, orí tuntun 36. Ó ku 678 fún kọ́bọ́ọ̀dù. Èyí tó bá ga jù bẹ́ẹ̀, dúrọ́ọ̀ kan ló máa bọ́ sílẹ̀, tàbí kí ẹ gé e. Kí ẹ sì rántí pé gíráíńdà, ẹ̀rọ olókùúta tí a fi ń lọ irin, àti dírílì kì í fẹ́ 900: ojú iṣẹ́ wọn wà lókè orí tábìlì, nítorí náà tábìlì tiwọn yẹ kó rẹlẹ̀.

Ẹ̀yìn: ẹ já pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó nípọn 3 yẹn kúrò, kí ẹ fi plywood 9 tàbí 12 dípò rẹ̀, pẹ̀lú sikúrúù ní gbogbo 100 yí etí ká. Èyí nìkan ló ń gba mímì náà kúrò. Bí ẹ bá fi gbogbo nǹkan yòókù sílẹ̀, ẹ má fi èyí sílẹ̀.

Orí: plywood 18 méjì tí a lẹ̀ pọ̀. Orí chipboard àtijọ́ kò lè di bọ́ọ̀tì irinṣẹ́ mú pẹ́.

Ìyá Òòlù

Dúrọ́ọ̀ ló ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Wọ́n á ra irin ìfà tuntun, wọ́n á rí i pé kò wọlé. Irin ìfà ẹ̀gbẹ́ tó wọ́pọ̀ ń fẹ́ àyè 12.7 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ dúrọ́ọ̀ àtijọ́ tó ń rìn lórí igi kì í ní ju 1 tàbí 2 lọ. A jẹ́ pé ẹ máa tú dúrọ́ọ̀ náà, kí ẹ dín ìbú rẹ̀ kù títí á fi fi nǹkan bí 25 kéré sí àyè tó ń wọ̀, kí ẹ tún un kàn. Tó bá fún ju bẹ́ẹ̀ lọ, fífà á á le. Tó bá dẹ̀ jù, bọ́ọ̀lù inú irin náà á máa bọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà yìí, kó fi àbẹ́là pa igi ìrìn àtijọ́, kó sì fi àwọn irinṣẹ́ fúyẹ́fúyẹ́ síbẹ̀.

Ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ kò lè gbé sípánà. Ẹ tẹ́ plywood 6 sínú, kí ẹ sì fi sikúrúù gún un láti ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀, kí ẹrù má baà wà lórí pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ abẹ́ rẹ̀.

Ohun kan tún wà. Bí ẹ bá ti tábìlì lọ sí ibi tí dúrọ́ọ̀ kọjú sí, tí ẹ sì dúró lójijì, gbogbo wọn á yọ jáde, ìwúwo á sì bọ́ síwájú. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà ìrìn rẹ̀ dábùú dúrọ́ọ̀. Òòfà kékeré ti kọ́bọ́ọ̀dù kò lè dá dúrọ́ọ̀ tó kún fún irin dúró. Ọ̀pá irin 10 kan tó gba inú gbogbo ìdìmú láti òkè dé ilẹ̀ lè ṣe é.

Onírin

Ní ti ohun tó ń gorí rẹ̀. Dírílì onídùúró, orí rẹ̀ ló wúwo, ó sì yọ síwájú. Mi ò ní gbà kí ìbú férémù kéré ju ìdajì gíga tábìlì lọ, dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ sì ni kí ohun tó wúwo jù wà. Ìbàdí ni kí ẹ ti máa tì í, kì í ṣe orí dírílì.

Gíráíńdà: rọ́bà tó nípọn tó 5 lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, bọ́ọ̀tì gba inú orí tábìlì já, wọ́ṣà gbígbòòrò nísàlẹ̀. Ibi tí a ń gbé irin lé kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí òkúta rẹ̀ ju 3 lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ irin á há síbẹ̀, òkúta sì lè fọ́. Ẹ tún un sún mọ́ ọn bí òkúta bá ṣe ń jẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dúró ná. Ẹ má sì jẹ́ kí gíráíńdà àti ayùn bá ara wọn gbé orí tábìlì kan náà: iná tó ń ta yẹn àti ìyẹ̀fun igi inú dúrọ́ọ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Fáìsì, ohun tí a fi ń di irin mú gbọn-in, ni mi ò fẹ́ rí lórí táyà. Bí ẹ bá ń fa irin nínú rẹ̀, bíréèkì méjì kò lè dá tábìlì dúró. Tí kò bá sí ọ̀nà míì, ẹ fi bọ́ọ̀tì 12 mẹ́rin tó ní ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ sí igun férémù, kí ẹ yí wọn wálẹ̀ títí táyà á fi gbéra kúrò nílẹ̀.

Oníná

Ẹ̀gbẹ́ tábìlì ni kí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà, kó má sí lórí, nítorí èérún irin. Ẹ fi irin di wáyà mọ́ férémù kó tó dé sọ́kẹ́ẹ̀tì, kó má baà jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ni ìfà ń bá tí ẹnì kan bá ti tábìlì láì kọ́kọ́ yọ ọ́ nínú iná. Ìkọ́ méjì lẹ́yìn tó láti ká a lé, ṣùgbọ́n ẹ tú u tán kí ẹ tó lo ẹ̀rọ tó ń fa iná púpọ̀. Wáyà tó ká jọ á gbóná.

Ọmọ-iṣẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, mà, ihò sikúrúù tó ti tóbi jù nínú chipboard ńkọ́? Ibi ẹnu ọ̀nà kọ́bọ́ọ̀dù ni.

Ìyá Òòlù

Fi ẹnu dírílì 10 fẹ̀ ẹ́, kó di róbótó tó mọ́. Gbá ọ̀pá igi líle 10 tí o ti kùn ní gúlù sínú rẹ̀, fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, gé e dọ́gba, kí o wá fi ẹnu 3 lu ihò tuntun sí àárín rẹ̀ fún sikúrúù 5. Má lo sikúrúù tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láìṣe èyí, á kàn la etí pákó náà ni. Nígbà tí o bá sì ti kó ẹrù sí i tán, tó ti ń rìn fún bí ọ̀sẹ̀ kan, padà sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú sípánà 13, torí igi máa ń fún lábẹ́ orí bọ́ọ̀tì, nọ́ọ̀tì táyà á sì ti dẹ̀ díẹ̀.