Èsì: Sawfly kì í ṣe eṣinṣin

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Orúkọ Yorùbá tó yẹ ká fún sawfly, kòkòrò tí abo rẹ̀ ní ohun bí ayùn nídìí, la jọ ń wá, oníkálùkù sì ti ń mú tirẹ̀ wá.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ní ká máa pe sawfly ní "eṣinṣin aláyùn", orúkọ òyìnbó ni wọ́n tú palẹ̀ ("saw" ni ayùn, "fly" ni eṣinṣin), àṣìṣe òyìnbó sì bá a wọlé. Apá 2 ni eṣinṣin ní. 4 ni ti kòkòrò yìí. Ẹbí agbọ́n, oyin àti èèrà ni.

Igi róòsì tó wà lẹ́nu ọ̀nà mi ní London ni mo ti mọ̀ ọ́n, irú tí wọ́n ń pè ní Arge pagana. Orí àti àyà rẹ̀ dúdú, ikùn rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, apá rẹ̀ ṣú bí ẹni fi èéfín pa á. Mo rí abo kan tó bà lé ẹ̀ka tútù, ó tẹ ìdí mọ́ ọn, ó ń rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ bíi káfíńtà tí kò kánjú. Inú ojú ibi tó rẹ́ ló to ẹyin sí, ìlà méjì. Nígbà tí ẹ̀ka náà dàgbà, ojú ọgbẹ́ yẹn yanu bíi sípì tó bàjẹ́.

Ìdí nìyẹn tí "arẹ́wé" tí àbúrò wa mú wá kò fi tẹ́ mi lọ́rùn, bó tilẹ̀ dùn létí. Ẹ̀ka ni ìyá ń rẹ́. Àwọn ọmọ ló ń jẹ ewé, láti Oṣù Kẹfà títí dé Oṣù Kẹwàá. Wọ́n láwọ̀ ewé, wọ́n ní tótòtó dúdú àti àwọ̀ ìyeyè lára. Fọwọ́ kan ewé náà, gbogbo wọn á gbé ìdí sókè. Ẹ má pè wọ́n lọ́mọ labalábá o. Ẹsẹ̀ rírọ̀ tó wà lábẹ́ ikùn ọmọ labalábá kì í ju 10 lọ. Tàwọn wọ̀nyí ń tó 12, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀.

Orúkọ "agbọ́n aláyùn" sún mọ́ ọn díẹ̀, àmọ́ kòkòrò yìí kì í ta èèyàn, kò sì ní ìbàdí tín-ín-rín.

"Onídìí-ayùn" ni tèmi. Ẹ rẹ́rìn-ín tán? Ibi tí ayùn wà gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá ní akọ rẹ̀ kò ní ayùn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n akọ agbọ́n náà kì í ta èèyàn, agbọ́n la ṣì ń pè é.

Ọmọ rẹ̀ ló kù tí n kò rí orúkọ fún. Tí mo bá pè é ní ìdin, ẹran tó ti rà ni yóò wá síni lọ́kàn, ewé róòsì sì lèyí ń jẹ kó tó wọ ilẹ̀ lọ rànwú bo ara rẹ̀. Ta ló ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu?