Resultant tàbí local ring: èwo ni kí n fi ṣàlàyé Bézout?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa algebraic geometry (ẹ̀ka ìṣirò tó ń fi polynomial ṣàlàyé curve). Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo ń torí wọn bèèrè. Wọ́n mọ polynomial dunjú, wọ́n gbọ́ ring (àkójọ tí a ti lè ṣe ìropọ̀, ìyọkúrò àti ìsọdipúpọ̀) díẹ̀.

Theorem Bézout ní curve méjì tí díígírì wọn jẹ́ m àti n, tí wọn kò ní apá kan náà, máa ń pàdé nígbà mn gẹ́lẹ́, lórí ℂ, nínú projective plane (plane tí a fi àwọn àmì tó wà ní infinity kún), bí a bá ka àmì kọ̀ọ̀kan ní iye ìgbà tó yẹ ká kà á. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ya y = x² àti x = 3, wọ́n á rí (3, 9) nìkan, wọ́n á ní èkejì dà? Ẹ fi z kún un: yz = x², x = 3z. Bí z bá jẹ́ 0 (ìyẹn ní infinity), x náà á di 0, [0:1:0] rèé. Ìyẹn yé wọn.

Kíka àmì ìpàdé kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ló ń dà wọ́n láàmú. Pẹ̀lú y = x² àti y = 2x − 1, (x − 1)² = 0 ló ń jáde, ẹ̀ẹ̀mejì la ó ka (1, 1). Ó rọrùn, torí pé y dá dúró. Bí y kò bá ṣeé yọ sọ́tọ̀ ńkọ́?

Resultant (polynomial x nìkan tó ń jáde bí a bá yọ y kúrò nínú equation méjèèjì) ṣeé fọwọ́ ṣe, àmọ́ bí àmì méjì bá ní x kan náà, ṣe ló máa da iye wọn pọ̀, àfi ká kọ́kọ́ yí axis padà. Local ring (ring àwọn ìdá polynomial tí ìsàlẹ̀ wọn kì í di 0 ní àmì tí à ń wò, tí a fi ń ka ìpàdé ní àmì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀) kò níṣòro yẹn, ṣùgbọ́n ó ń jẹ àkókò (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ scheme, tó tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, sí mi!). Èwo lẹ̀ ń fi ṣíwájú, àpẹẹrẹ wo lẹ sì ń lò?