Inverter ò rí COM3, ímeèlì ìkìlọ̀ náà ò lọ: ṣé port kan náà ló ń dà wọ́n láàmú?

IléOníbátìrì

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni, Windows 10 ló wà lórí rẹ̀. Wáyà USB-sí-serial (èyí tí Windows ń fún ní nọ́ńbà COM) ni mo fi so ó mọ́ inverter ilé, kí sọ́fítíwíà tó bá inverter wá lè máa ka bátìrì, kó sì fi ímeèlì ta mí lólobó tí bátìrì bá ti lọ sílẹ̀. Mọ́dẹ́ẹ̀mù USB oní-SIM ló ń fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì.

Nǹkan méjì ló kọ̀. Tí mo bá ṣí sọ́fítíwíà náà, ó ń kọ "Could not open COM3: Access is denied". Tí mo bá yọ mọ́dẹ́ẹ̀mù, á ka bátìrì dáadáa. Sọ́fítíwíà yìí ò mọ̀ ju COM1 sí COM4 lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi lọ yan COM3 fún wáyà nínú Device Manager. Wọ́n kọ "in use" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ṣáà tẹ Yes. Mo tún dán COM4 wò, bákan náà ló rí.

Èkejì: tí mo bá tẹ "Send test mail", á dúró pẹ́, á wá kọ "Connection timed out". Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni smtp.gmail.com, port 25, àdírẹ́sì mi àti páásíwọ̀ọ̀dù tí mo fi ń wọ Gmail. Ṣé ìjà port tó wà lókè yẹn náà ló ń dí ímeèlì lọ́nà?

Ọ̀gáWáyà

Rárá o. Orúkọ ló pa wọ́n pọ̀, wọn ò bára wọn tan. COM3 ni ọ̀nà tí wáyà yín gbà wọ kọ̀ǹpútà. Port 25 ò ju nọ́ńbà lọ, bíi nọ́ńbà yàrá nínú ilé ńlá: ilé Gmail kan náà ni, yàrá tí ẹ máa kanlẹ̀kùn rẹ̀ ló ń tọ́ka sí. Ẹ tún ọ̀kan ṣe tán kí ẹ tó fọwọ́ kan èkejì.

"In use" tí ẹ fojú fò yẹn ni gbogbo ọ̀ràn wáyà. Windows máa ń tọ́jú nọ́ńbà COM fún ẹ̀rọ tó bá ti wọlé rí, kódà tí ẹ bá ti yọ ọ́. Mọ́dẹ́ẹ̀mù oní-SIM kì í sì í gba ẹyọ kan, méjì tàbí mẹ́ta ló sábà máa ń gbà. COM3 àti COM4 ti jẹ́ tirẹ̀ kí ẹ tó dé. Tí ẹ bá fà á yọ, àyè á ṣí sílẹ̀. Tó bá padà wá, ètò rẹ̀ á di nọ́ńbà rẹ̀ mú. Ètò méjì ò sì lè ṣí COM kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ìtumọ̀ "Access is denied" nìyẹn, wáyà yín ò bàjẹ́.

Ẹ ki mọ́dẹ́ẹ̀mù àti wáyà bọlẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì pa ètò méjèèjì. Ẹ ṣí Device Manager, ẹ tẹ View, Show hidden devices. Lábẹ́ Ports (COM & LPT), àwọn tó ṣì bàìbàì ni èyí tí kò sí nílé. Èyí tó bá jẹ́ ti ẹ̀rọ tí ẹ ò lò mọ́, ẹ tẹ Uninstall device, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ sí ibi tó ní kí ẹ pa driver rẹ̀ (ètò kékeré tí Windows fi ń bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀) rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ mú àwọn ti mọ́dẹ́ẹ̀mù lọ́kọ̀ọ̀kan: Properties, Port Settings, Advanced, COM Port Number. Ẹ gbé wọn lọ sókè, sí COM11, COM12, COM13. (Òmíràn máa ń sá pamọ́ sábẹ́ Modems, ẹ wo ibẹ̀ náà.) Ẹ wá fún wáyà inverter ní COM3, kí ẹ tan kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kejì. Tí ẹ bá kọ `mode` nínú Command Prompt, á to àwọn COM tó wà nílé lẹ́sẹẹsẹ.

Ẹnìkan lè sọ fún yín pé COM1 àti COM3 jọ ń jẹ IRQ 4 (ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń pe kọ̀ǹpútà), pé kí ẹ lọ pa ọ̀kan nínú BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà. Òótọ́ ni, láyé káàdì ISA àtijọ́. Wáyà USB ò mọ nǹkan kan nípa ìyẹn. Ẹ fi BIOS sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

OlùkóLẹ́tà

Ẹ jẹ́ n mú ti ímeèlì. Port 25 ni àwọn sáfà (kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gbé ímeèlì kiri) fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti dí i mọ́ oníbàárà nítorí àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ilé rọ̀jò ímeèlì jìbìtì. Ẹ kọ èyí sínú PowerShell:

`Test-NetConnection smtp.gmail.com -Port 25`

Ẹ tún kọ ọ́ pẹ̀lú 587. Tí TcpTestSucceeded bá jẹ́ False fún 25, tó jẹ́ True fún 587, ọ̀rọ̀ ti yé yín.

Ẹ lo 587 pẹ̀lú STARTTLS, tàbí 465 pẹ̀lú SSL/TLS: ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ ọ̀rọ̀ di àṣírí ni méjèèjì, STARTTLS kàn máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lásán. Ẹ má pa wọ́n lódì o. Ní 465, sáfà ń retí kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ di àṣírí láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí ètò yín bá wá ń retí ọ̀rọ̀ lásán, á máa dúró de ìkíni, sáfà náà á máa dúró dè é, títí àkókò á fi lọ. Timeout náà nìyẹn, bí ẹni pé íntánẹ́ẹ̀tì ò sí. Tí sọ́fítíwíà yín ò bá ní ibi tí wọ́n ti ń yan SSL tàbí TLS rárá, Gmail ò ní gbà á. Ẹ wá ẹ̀dà tuntun. IMAP 993, tí wọ́n fi ń ka ímeèlì tó wọlé, ò kàn yín, ìfiránṣẹ́ nìkan lẹ ń ṣe.

Páásíwọ̀ọ̀dù tí ẹ fi ń wọlé ò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Google ti ti ilẹ̀kùn yẹn láti ọdún 2022. Ẹ tan 2-Step Verification, kí ẹ wá lọ sí myaccount.google.com/apppasswords. Lẹ́tà 16 ni wọ́n máa fún yín, òun ni kí ẹ kọ sí ibi páásíwọ̀ọ̀dù nínú sọ́fítíwíà náà.

AjíTún

Nǹkan méjì péré. Ẹ wo wáyà náà nínú Device Manager: tó bá kọ "PL2303HXA PHASED OUT SINCE 2012", tàbí Code 10, driver tuntun ló kọ chip rẹ̀. Ẹ ra wáyà tó ní chip CH340 tàbí FT232. CH340 kì í sábà ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, nítorí náà tí ẹ bá gbé e lọ sí ihò USB mìíràn, Windows á fún un ní COM tuntun. Ẹ fi ọ̀dà èékánná pupa sàmì sí ihò tó ń lò. Ẹnu RJ45 inverter sì jọ ẹnu LAN, ṣùgbọ́n RS232, ìyẹn serial, ló wà nínú rẹ̀. Ẹ má kì í bọ router láéláé.

Bátìrì CR2032, bátìrì kékeré tó ń tọ́jú aago inú kọ̀ǹpútà, ńkọ́? Tó bá ti kú, tí NEPA bá gbé iná, ọjọ́ á padà sẹ́yìn ní ọ̀pọ̀ ọdún. TLS á kọ sátífíkéètì sáfà (ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀) pé ọjọ́ rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Test-NetConnection á ṣì máa kọ True.

IléOníbátìrì

Ẹ ṣé o. COM3 ti ń ka bátìrì, mọ́dẹ́ẹ̀mù sì wà níbẹ̀. 587 kọ True. Ọjọ́ péye. Ṣùgbọ́n "535-5.7.8 Username and Password not accepted" ló ń wá báyìí.

OlùkóLẹ́tà

Ẹ ti dé ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Google máa ń kọ lẹ́tà 16 yẹn ní mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ yọ àlàfo àárín wọn kúrò. Ní Username, àdírẹ́sì kíkún ni kí ẹ kọ, pẹ̀lú @gmail.com, kí From náà sì bá a mu. Lọ́jọ́ tí ẹ bá yí páásíwọ̀ọ̀dù Google gan-an padà, lẹ́tà 16 yìí á kú. Ẹ ṣe òmíràn lójú ẹsẹ̀, nítorí sọ́fítíwíà náà lè má sọ fún yín.