Oyún mi wálẹ̀ lóṣù tó kọjá, ṣé dandan ni kí n dúró oṣù mẹ́fà?

Àdùkẹ́:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin màmá mi àti ẹ̀yin àǹtí mi. Oyún mi tó ti fẹ́ wọ oṣù kẹta ló wálẹ̀ lóṣù tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ ń kán díẹ̀díẹ̀, nígbà tó yá inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí gan-an, ká tó dé ọsibítù ó ti ń bọ́, wọ́n bá fọ inú mi. Kí n tó máa lọlé dókítà ní kí n má tíì lóyún títí oṣù mẹ́fà á fi pé, kò ráyè sọ ìdí, èrò pọ̀ lẹ́yìn mi. Ọmọ ọdún 37 ni mí, ọmọ kan ni mo ní, ọkọ mi sì jẹ́ òṣìṣẹ́ epo lórí òkun, kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nílé. Ìyá ọkọ mi ní kí n má dúró rárá, màmá tèmi ní kí n sinmi ọdún kan gbáko. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ohun táwọn tó ṣèwádìí rí lórí ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Pẹ̀lẹ́ o ọmọ mi, omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ọ̀rọ̀ ìwádìí ò yé èmi o, àmọ́ jẹ ẹ̀fọ́, jẹ ẹ̀dọ̀, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu àgbo fún ẹ pé ó fẹ́ fọ ìdọ̀tí tó kù.

Àbẹ̀ní Ìjẹ̀bú:
Dókítà ti sọ̀rọ̀, kí la tún ń wá kiri? Ẹ gbọ́ tiẹ̀ jàre.

Nọ́ọ̀sì Títí:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Agbẹ̀bí ni mí. Dókítà ò sọ ọ́ lásán, ọdún 2005 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kó àwọn onímọ̀ jọ tí wọ́n sì ní kí obìnrin tí oyún bá bàjẹ́ lára ẹ̀ fún ara ẹ̀ lóṣù mẹ́fà ó kéré tán, òun ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa níléèwé. Ìwádìí ńlá kan ló wà nídìí ẹ̀, ìwé ọsibítù àwọn obìnrin tó lé ní 258,000 ní Látìn Amẹ́ríkà, láti 1985 sí 2002. Ibi tó ti mẹ́hẹ ni pé wọ́n da àwọn tí oyún fúnra ẹ̀ wálẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn tó ṣẹ́ ẹ, ìwé yẹn ò yà wọ́n sọ́tọ̀. Òfin ò sì gba oyún ṣíṣẹ́ láàyè ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ yẹn nígbà náà, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣe é níkọ̀kọ̀ kí kòkòrò sì ti wọ inú wọn kí wọ́n tó dé ọsibítù, ẹ ò wá lè fi ìyẹn díwọ̀n ara yín.

Nígbà tó di 2010, àwọn ará Scotland yẹ ìwé obìnrin 30,937 wò, gbogbo wọn ló jẹ́ pé oyún àkọ́kọ́ wọn bàjẹ́ tí wọ́n sì tún lóyún. Àwọn tó lóyún kí oṣù mẹ́fà tó pé, oyún kejì yẹn ò bàjẹ́ tó ti àwọn tó dúró láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Norway náà gbé tiwọn jáde ní 2022, àwọn yà wọ́n sọ́tọ̀ ní tiwọn: ìbímọ 49,058 lẹ́yìn oyún tó wálẹ̀, 23,707 lẹ́yìn oyún tí wọ́n ṣẹ́, wọn ò sì rí i pé títètè lóyún, kódà kó má tíì pé oṣù mẹ́ta, mú ewu ńlá kankan bá ìyá tàbí ọmọ. Lọ́dún 37, èmi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ fi oṣù mẹ́fà ṣòfò.

Àmọ́ ẹ má tíì sáré o. Obìnrin Norway ò ní ibà tó ń jẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Èló ni PCV yín, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó wà lára yín, kí ni wọ́n sì kọ síwèé skáànù? Tó bá jẹ́ irú oyún tí kì í di ọmọ, tó máa ń so wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí èso àjàrà, èyí tí wọ́n ń pè ní molar pregnancy, dídúró yẹn di dandan nìyẹn, wọ́n á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò títí hòmóònù oyún á fi kúrò pátápátá. Bákan náà tó bá jẹ́ pé ìta ilé ọmọ ni oyún dúró sí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ methotrexate tú u, oṣù mẹ́ta ó kéré tán.

Àǹtí Manchester:
Ẹ ṣé Nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ n fi kan kún un. Tẹ́ ẹ bá tún lóyún tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ tètè bi dókítà nípa progesterone, hòmóònù tó ń gbé oyún ró. Níbí, wọ́n fi dán obìnrin 4,153 wò, àbájáde ẹ̀ jáde ní 2019. Àwọn tí oyún ti bàjẹ́ lára wọn lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ṣiṣẹ́ fún jù, 72 nínú 100 ló bímọ láàyè, àwọn tí wọ́n fún ní oògùn tí kò ní nǹkan nínú jẹ́ 57. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ò kán rárá, ìwádìí 2015 fi hàn pé kò ṣe wọ́n ní àǹfààní, ẹ má kàn máa ra á lò o.

Ẹni tí ò fẹ́ dárúkọ:
Ẹ jọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì, mo ṣẹ́ oyún kan nígbà tí mo wà ní polí, ó ti pẹ́, mo ti ń wá ọmọ báyìí, wọ́n sì ń sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì pé òun ló ti ilé ọmọ mi. Ṣé òótọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Títí:
Ẹ fọkàn balẹ̀ mà. Oyún tó kéré tí wọ́n ṣẹ́ bó ṣe yẹ, yálà pẹ̀lú oògùn tàbí èyí tí wọ́n fà jáde, kì í ti ilé ọmọ. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni irin ẹlẹ́gbin, kí nǹkan ṣẹ́ kù sínú kó sì rà, tàbí kí wọ́n ha ilé ọmọ jù. Òfin tiwa ò gbà á àyàfi láti dá ẹ̀mí ìyá sí, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ò mọṣẹ́. Ṣé ibà mú yín lẹ́yìn ẹ̀, àbí nǹkan olóòórùn ń jáde lára yín? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lọ ṣe HSG, ìyẹn X-ray ilé ọmọ, kí wọ́n wo ojú ọ̀nà ẹyin. Kí bàbá náà lọ ṣàyẹ̀wò àtọ̀, ẹ má dá ẹrù yìí gbé.

Àdùkẹ́:
Ọlọ́run á bù kún yín o. PCV mi 27 ni. Wọ́n kọ "incomplete" síwèé, pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló jáde, kò sí ọ̀rọ̀ molar níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Títí:
27 kéré mà. Ẹ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ dáadáa, ẹ bẹ̀rẹ̀ folic acid 400 micrograms lójúmọ́ látòní, ẹ sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí nǹkan oṣù kan kọjá ká lè mọ bá a ṣe máa ka ọjọ́ oyún, kẹ́ ẹ tún PCV ṣe. Tó bá ti lé ní 33 tí inú ò run yín mọ́, kò sí ohun tẹ́ ẹ tún ń dúró dè. Ẹ mú ìbéèrè yìí padà lọ bá dókítà yín náà, kó lè wo fáìlì yín.

Àdùkẹ́:
Mo ti gbọ́ mà. Ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni ọkọ mi ń wọlé, màá ti tún PCV yẹn ṣe kó tó dé.