Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń fi ẹ̀rọ yẹ mọ́tò wò n'Ífẹ̀? Iná ẹnjínnì tàn!

Bàbá Tèmi: Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí. Iná ẹnjínnì Camry mi tàn ní Láàgéèrè lálẹ́ yìí. Ìbàdàn ni mò ń lọ láàárọ̀ ọ̀la, kò ṣeé yẹ̀. Ta ni kí n gbé e lọ bá?

Ọmọ Mọ̀rẹ̀: Ṣé Camry tí wọ́n ń pè ní Big Daddy ni? Ṣé iná yẹn dúró sójú kan ni àbí ó ń ṣẹ́jú? Tó bá ń ṣẹ́jú, tí ọkọ̀ sì ń gbọ̀n, ẹ má wà á lọ ibì kankan. Epo tí kò jóná ń lọ sínú catalytic nìyẹn, ohun tó ń sẹ́ èéfín ọkọ̀, á sì bà á jẹ́.

Ìyá Ìbejì Parakin: Ẹ ṣọ́ra o! Ọ̀gá kan tí mi ò ní dárúkọ fi ojú lásán wo tèmi, ó ní brainbox, kọ̀ǹpútà ẹnjínnì, ti jóná. Mo san 90,000. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, iná tún tàn. Ẹlòmíì ló wá ki ẹ̀rọ bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, P0301 ló gbé jáde, ìyẹn ni pé sìlíńdà kìíní ò jó epo dáadáa. Ó yọ kọ́ìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì sìlíńdà kìíní níná, ó gbé e sórí ìkejì, ó ní kí n wá wò ó: ó ti di P0302, àìsàn ti tẹ̀lé kọ́ìlì lọ sí sìlíńdà kejì. Kọ́ìlì lásán! Mo ní kí wọ́n dá brainbox mi àtijọ́ padà, wọ́n ti tà á.

Great Ife: Olè gbáà!

Rìwáyà Sábó: Ẹ má pe gbogbo àwa tá à ń tún iná ọkọ̀ ṣe lólè. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń ní ẹ ò lówó àyẹ̀wò, "ṣáà bá mi wò ó bẹ́ẹ̀".

Ìyá Ìbejì Parakin: Mo sanwó àyẹ̀wò o! Ṣé ẹ mọ ọ̀gá yẹn ni?

Òṣómàáló: Ẹ gbé e wá sí Ilésà, a ní ọmọ tó mọṣẹ́ ní Ìsọ̀kún.

Ọmọ Mọ̀rẹ̀: Ìbàdàn ló ń lọ, ẹ ní kó kọjú sí Ilésà!



Great Ife: Bàbá, ẹ tún ìdérí táǹkì epo dé. Tí kò bá le dáadáa, iná yẹn lè tàn.

Bàbá Tèmi: Ẹ kú àárọ̀, ẹ ṣeun gan-an. Àbúrò ìyàwó mi yọ orí bátìrì, ó dá a padà, iná ti kú. A ti kọjá Ìpetumodù.

Ọmọ Mọ̀rẹ̀: Ẹ kàn pa á lẹ́nu mọ́ ni, ẹ ò wò ó sàn. Ṣé ó ń gbọ̀n? Látàná lẹ ò ti dáhùn.

Bàbá Tèmi: Ìyàwó mi ló ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, àfi tá a bá ń gun òkè ló máa ń pọ̀. Ta lẹ mọ̀ ní Gbọ̀ngán?