Ọmọ kì í jogún HIV, ó ń kó o ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lórí ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ máa lò fún HIV tó ti ara ìyá dé ara ọmọ, mo rí i pé "àrùn àjogúnbá" lẹ pọ̀ jù fọwọ́ sí, èmi ò fara mọ́ ọn rárá, ẹ jọ̀ọ́. Àbùdá (gene) lèèyàn ń jogún, irú èyí tó ń fún wa ní AS àti SS, látìgbà tóyún ti dúró ló ti wà lára ọmọ, kò sóògùn tí aboyún lè lò sí i. HIV ò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò ni, ọmọ lè kó o nínú oyún, nígbà ìrọbí, tàbí nínú ọmú, tí wọn ò bá sì ṣe nǹkankan, nínú ọmọ 100, bíi 15 sí 45 ló lè kó o, àmọ́ tí ìyá bá ń lo oògùn ẹ̀ déédéé, tí wọ́n sì fún ọmọ ní nevirapine, oògùn tó ń dènà HIV, lẹ́yìn ìbí, kì í tó 5!

Ní Kubwa l'Ábùjá níbí, mo máa ń bá àwọn ìyá Yorùbá tí ò gbọ́ Haúsá túmọ̀ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ antenatal. Ẹnì kan ti sọ "àjogúnbá" yìí fún ìyá kan, ló bá bi mí pé, "Tó bá jẹ́ ogún ni, oògùn wo ló fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ọmọ?" Díẹ̀ ló kù kó má gba oògùn náà.

"Àbímọ́" tí bọ̀dá wa ní Kàdúná mú wá sàn díẹ̀, àmọ́ ọmú ńkọ́? Ọmọ tí wọ́n bí láìní kòkòrò ṣì lè kó o níbẹ̀. "Àkóràn láti ara ìyá" lèmi fẹ́, ó gùn lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ ọ á mọ̀ pé ó ṣeé dènà.

Ẹ jẹ́ ká fi "ìyàtọ̀ ẹ̀jẹ̀" tẹ́ ẹ fẹ́ fi túmọ̀ "genetic variation" náà sílẹ̀, aboyún á rò pé ẹ̀jẹ̀ òun ló bàjẹ́. "Ìyàtọ̀ àbùdá" ló dáa, ká ṣáà máa sọ àbùdá ta ni, torí kòkòrò náà ní tiẹ̀, ẹ̀yà HIV tí wọ́n ń pè ní G àti CRF02_AG ló wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà. Tèèyàn náà wà: CCR5 jẹ́ ọ̀kan lára ilẹ̀kùn tí HIV ń gbà wọnú sójà ara, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà, àwọn kan ní àríwá Yúróòpù jogún èyí tí ò ṣiṣẹ́ látọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, ọ̀pọ̀ HIV kì í ráyè wọlé sí wọn lára, àmọ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí láàárín àwa èèyàn dúdú. Ìyẹn la lè pè ní ogún.

Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú ju tèmi lọ kó mú un wá, kó ṣáà má fi "jogún" sí i.