Ẹṣin mi ń dìde lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí mo bá fa ìjánu: ṣé kí n pààrọ̀ ìjánu rẹ̀ ni?

Ẹlẹ́ṣin Tuntun (Gwagwalada)

Mo kí ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Gwagwalada, ní agbègbè Àbújá, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ Ìlọrin ni mí, ẹni tí ó bá sì mọ Ìlọrin mọ̀ pé ẹṣin kì í ṣe àlejò nílé wa. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo ra akọ ẹṣin pupa kan lọ́wọ́ oníṣòwò tí ó kó o wá láti ọjà Maigatari ní ìpínlẹ̀ Jigawa. Ó sọ fún mi pé ẹṣin náà ti pé ọmọ ọdún 5, pé wọ́n ti ń gùn ún dáadáa, àti pé kò sí ohun tí ó kù ju kí n jókòó lé e lórí. Èrò mi ni láti gùn ún nílé nígbà Iléyá.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kò sí wàhálà. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí, tí ó ń la ẹnu gbàgà tí mo bá fa ìjánu. Bí mo bá sì fà á díẹ̀ sí i, yóò gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì kúrò nílẹ̀. Tí a bá ń de ọ̀já gàárì mọ́ ọn níkùn, ó ń yí ọrùn láti gé ènìyàn jẹ. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ó da Màlámù tí ń tọ́jú rẹ̀ sílẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run pé èjìká nìkan ni ó ṣèṣe. Màlámù yìí, ọmọ Katsina tí ó ti ń bá ẹṣin gbé láti kékeré, ní kí n ra ìjánu olórùka, èyí tí òrùka rẹ̀ máa ń yí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ẹṣin ká. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n febi pa á fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yìnkùlé mi ni ẹṣin náà wà, òun nìkan ni. Dúsà, ìyẹn èèrí ọkà, àti ọkà bàbà ni ó ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́, a sì máa ń fún un ní koríko tí a bá rí. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?

Àgbà Ẹlẹ́ṣin (Kàdúná)

Ọmọ mi, òótọ́ ni Màlámù rẹ sọ. Ẹṣin tí ó bá ti mọ̀ pé òun lè da ènìyàn, kò ní gbàgbé ọgbọ́n yẹn mọ́. Ìjánu olórùka ni mo bá lọ́wọ́ àwọn tí ń gun ẹṣin níwájú ọba nílẹ̀ Hausa, òun ni wọ́n fi ń dá ẹṣin dúró lójijì lẹ́nu eré lọ́jọ́ ọdún. Rà á. Ṣùgbọ́n má febi pa á o. Ẹni tí ó fún ọ ní ìmọ̀ràn yẹn kò tíì sin ẹṣin rí.

Dókítà Ẹran (Zaria)

Bàbá, ẹ má bínú pé mo fẹ́ yà kúrò lójú ọ̀nà yín díẹ̀. Ìjánu olórùka lè má ṣe ẹṣin léṣe lọ́wọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́, bí ẹṣin náà bá ti dàgbà tí ó sì ti gbọ́ ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n òkè ẹnu àti egungun àgbọ̀n ni irin yẹn ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹnu bá sì ti ń dun ẹṣin tẹ́lẹ̀, a kàn fi ìrora kún ìrora ni. Ẹṣin tí ń mi orí, tí ń la ẹnu, tí ó sì fẹ́ gé ènìyàn jẹ nígbà tí a ń de gàárì, ibi tí ń dùn ún ni ó ń fi hàn.

Arákùnrin, kí o tó náwó lórí ìjánu kankan, jẹ́ kí wọ́n yẹ eyín rẹ̀ wò, nítorí ọdún tí oníṣòwò pè lè má jẹ́ ọdún tí ẹṣin ní. Eyín iwájú ẹṣin jẹ́ 6 lókè àti 6 nísàlẹ̀. Méjì àárín máa ń pààrọ̀ ní nǹkan bí ọdún 2 àbọ̀, méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní ọdún 3 àbọ̀, àwọn ti igun ní ọdún 4 àbọ̀. Eyín ọmọdé kéré, ó funfun, ìdí rẹ̀ sì tín-ín-rín. Eyín àgbà tóbi, ó gùn, ó sì pọ́n díẹ̀ bí ìyeyè. Bí ẹṣin rẹ bá pé ọdún 5 ní tòótọ́, kò yẹ kí eyín ọmọdé kankan ṣẹ́kù níwájú ẹnu rẹ̀. Bí ó bá sì kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tí o ń gbé lé e lórí ti pọ̀ jù, nítorí egungun ẹ̀yìn ẹṣin kì í gbó tán títí di nǹkan bí ọdún 5 àbọ̀ sí 6.

Eyín kékeré kan tún wà tí ó máa ń hù síwájú àwọn eyín ńlá tí ẹṣin fi ń lọ oúnjẹ. Kò ní iṣẹ́ kankan, ṣùgbọ́n ọ̀gangan ibi tí irin ìjánu lè gbá a ni ó ń hù sí. Kì í ṣe gbogbo ẹṣin ni ó ní in; èyí tí ó bá ní in, tí ó sì ń dà á láàmú, dókítà lè yọ ọ́. Kí wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú, lábẹ́ ibi tí gàárì jókòó sí, kí wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ rẹ̀ ni ó bà mí lẹ́rù jù. Omi kíkan inú ikùn ẹṣin kì í dáwọ́ dúró, ì báà jẹun, ì báà má jẹun. Bí koríko kò bá sí nínú ikùn náà fún wákàtí púpọ̀, omi yìí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara ikùn títí yóò fi di egbò, ọkà bàbà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sì tún ń dá kún un. Ẹṣin kò lè bì, nítorí náà ohun tí o bá ṣì fún un ti di tirẹ̀. Ẹṣin tí ó wọn 300 kílò yẹ kí ó rí nǹkan bí 6 kílò koríko gbígbẹ tàbí hàráwà (ewé ẹ̀wà tàbí ti ẹ̀pà tí a sá gbẹ) jẹ lójúmọ́, kí ó máa rí i mú jẹ díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán-tòru, kí dúsà àti ọkà sì wá di àfikún. Kí omi má wọ́n ọn, àgàgà nígbà ooru.

Ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ahmadu Bello wà níbí ní Zaria, ṣùgbọ́n kò tíì tó ohun tí o ń rìn jìnnà sí: yunifásítì ìjọba tí ó wà ní Gwagwalada yín ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ẹran.

Ẹlẹ́ṣin Tuntun (Gwagwalada)

Ẹ ṣeun gidigidi. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí mo ti pe dókítà. Eyín àgbà méjì péré ni ó wà ní àárín lókè àti nísàlẹ̀, ìyókù ṣì jẹ́ eyín ọmọdé. Ó ní ẹṣin náà kò ju nǹkan bí ọdún 3 lọ. Ó yọ eyín kékeré kan lápá òsì, ó sì fi egbò igun ẹnu rẹ̀ hàn mí, tí mo ti ń wò lójoojúmọ́ láìrí i. Ó ní kí irin má wọ ẹnu rẹ̀ títí yóò fi jiná. Mo ti ra hàráwà. Lẹ́yìn èyí ńkọ́? Ṣé mo lè gùn ún bí ẹnu bá ti jiná? Oṣù méjì ni ó kù sí Iléyá.

Ìyá Gàárì (Jos)

Ìrora lè lọ kí ẹ̀rù rẹ̀ kù. Ẹṣin yẹn ti so gàárì àti ìjánu mọ́ ìrora lọ́kàn rẹ̀, eyín tí a yọ kò sì tú ìdè náà. Ó yẹ kí o tún un bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀, láìgùn ún, pẹ̀lú okùn orí nìkan.

Fa okùn náà díẹ̀, má jà á. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo síwájú, tàbí tí ara rẹ̀ kàn tẹ̀ síwájú, dẹ okùn lójú ẹsẹ̀. Dídẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́. Bí o bá pẹ́ kí o tó dẹ̀ ẹ́, kò ní mọ ohun tí òun ṣe tí òun fi rí ìsinmi. Bí o bá sì dẹ̀ ẹ́ nígbà tí ó dìde sókè, o ti kọ́ ọ pé dídìde ni ó ń mú kí ènìyàn fi òun sílẹ̀. Mo fura pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé náà nìyẹn: ó dìde, Màlámù já bọ́, ẹ tú gàárì, iṣẹ́ sì parí fún ọjọ́ náà. Lójú ẹṣin, òun ni ó jàre.

Ìṣẹ́jú 15 láàárọ̀ àti 15 nírọ̀lẹ́ ti tó. Nígbà tí ó bá ń tẹ̀ lé okùn wọ́ọ́rọ́wọ́, fi aṣọ lásán lé e lẹ́yìn, mú un kúrò, tún fi lé e, títí kò fi ní kà á sí mọ́. Kí gàárì tó tẹ̀ lé e. Ọ̀já ikùn ni kí o ṣe sùúrù fún jù: dè é kí ó dẹ̀, mú un rìn yí ká, kí o tó tún fà á le ní ihò kan, bẹ́ẹ̀ títí. Àwa tí a ń kánjú ni a máa ń fà á le lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a ó sì máa pe ẹṣin ní ẹlẹ́nu jíjẹ. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú rẹ̀ wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí gbogbo àyíká rẹ̀, àfi ọ̀kánkán iwájú orí àti ẹ̀yìn ìdí rẹ̀. Má gba ibẹ̀ yọ sí i láìsọ̀rọ̀.

Ẹṣin kì í ṣe ẹran àdágbé. Bí o kò bá lè ra ẹṣin kejì, wá ewúrẹ́ tàbí àgùntàn tì í. Mo ti rí ẹṣin tí kò dẹ̀ rárá tí ó rọ̀ nítorí òbúkọ kan tí ń jí hàráwà rẹ̀ jẹ.

Ẹnì kan yóò sọ fún ọ pé bí ẹṣin bá da ni, à ń tún un gùn ni. Òwe náà kò sọ pé lọ́jọ́ kan náà.

Àgbà Ẹlẹ́ṣin (Kàdúná)

Ọmọ ọdún 3 kẹ̀? Mo mú ọ̀rọ̀ ìjánu mi kúrò. Ẹṣin funfun kan wà nílé wa nígbà èwe mi tí àpá wà létí ẹnu rẹ̀ títí ó fi kú, n kò sì béèrè ohun tí ó fà á rí.

Nípa Iléyá, ẹṣin ọ̀dọ́ kì í gbé ẹnikẹ́ni nílé bàbá mi ní ọdún àkọ́kọ́. Okùn ni a fi ń mú un tẹ̀ lé ẹṣin àgbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, kí ó lè gbọ́ ìlù àti kàkàkí, kí ó rí èrò, kí ó sì padà sílé jẹ koríko. Ní ọdún kejì ni a tó ń di gàárì lé e. Bí o bá fẹ́ gun ẹṣin lọ́dún yìí, yá ti ẹ̀gbọ́n rẹ kan nílé.

Dókítà Ẹran (Zaria)

Ẹnu Bàbá ni mo wà. Fi kún un pé kí o béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, nítorí àìsàn náà tètè ń mú ẹṣin, ẹṣin rẹ sì ní egbò lẹ́nu. Bí ìrìn-àjò Ìlọrin bá tilẹ̀ máa wà, sọ̀rọ̀ fún dókítà náà nípa eṣinṣin tí ń gbé àrùn oorun, nítorí bí a bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gúúsù ni ó ń pọ̀ sí i. Òun wà lára ìdí tí Ọ̀yọ́ àtijọ́ fi ń ra ẹṣin láti òkè ọya léraléra. Ní tèmi, jẹ́ kí ó dúró sí Gwagwalada lọ́dún yìí.

Ẹlẹ́ṣin Tuntun (Gwagwalada)

Mo ti gbọ́. Yóò dúró. Màlámù ti lọ wo àgùntàn kan lọ́jà.